Ìmí Kan Ṣoṣo Nílé Kóró

"A-u-gi."

Bí Ìbíwùmí ṣe pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Fáànù tó ń yí lókè àjà pàápàá, wọ́n ti pa á. Ìlú Òkè-Omi ni a wà yìí, kì í ṣe ìlú kan lásán. Bí òǹkàwé Òkè-Omi bá ti dìde, ẹni tó bá wúkọ́, ìta ni yóò ti gbọ́ ìyókù.

Ó dúró níwájú Ihò, ẹnu ọ̀nà róbótó tí wọ́n lu sára ògiri méjì tó yí ilé náà ká. Ògiri méjì ni, nítorí pé awọ méjì ló bo kóró inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, àwọn tó kọ́ Ilé Kóró ní àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ohun tí wọ́n ń fara wé. Lẹ́yìn Ìbíwùmí, nínú yàrá tútù tí kò ní fèrèsé, ni ìwé àbínibí gbogbo ọmọ ìlú wà, ìwé tí ara ń tẹ̀ lé láti fi mọ ara rẹ̀. Níwájú rẹ̀, ojú ewé ìmọ́lẹ̀ kan ń tàn, àwọn lẹ́tà inú rẹ̀, a, u, gi àti ki péré, tò ní mẹ́ta-mẹ́ta. Etí ẹ̀rọ wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Ohun tó bá sọ ni ẹ̀rọ náà yóò fi èròjà kọ sínú omi, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.

"Gi-u-gi. Ki-a-u. Ki-u-gi. A-ki-u. Ki-ki-u. Gi-a-gi."

Níbi ọ̀rọ̀ keje yẹn, obìnrin kan tó jókòó níwájú bú sẹ́kún, ó sì fi ìbòrùn di ẹnu ara rẹ̀ kíákíá. Ìyá Ẹniafẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé níbi tí òǹkàwé ti pe gi-a-gi yẹn, gi-u-gi ló wà nínú ìwé méjèèjì, ti ìyá àti ti bàbá, tí ọmọ rẹ̀ gbé wáyé. Lẹ́tà kan péré ló sọ Ẹniafẹ́ di aláàrùn fòníkú-fọ̀ladìde láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni báyìí, atọ́kọ̀ṣe tó mọ ẹ́ńjìnnì ju ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti mú díẹ̀, orí ibùsùn ló ń bá ara rẹ̀.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà ti fa Ìbíwùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Òǹkàwé, ẹ má bínú o. Ẹ ní ọ̀kan tó dáa wà nínú ìwé tèmi. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú gbé ìwé náà fún ọmọ mi, kí gbogbo wa sinmi?"

"Ìyá Ẹniafẹ́, ẹ jẹ́ n bi yín. Sẹ́ẹ̀lì yín tí ojú ò lè rí yẹn, ṣé ó máa ń gbé ìwé rẹ̀ jáde kúrò nínú kóró? Kò jẹ́ dán an wò. Ojú ewé tó bá nílò ló ń dà kọ, á wá ti ẹ̀dà náà gba ihò jáde. Lóde ni ráíbósóòmù á ti gbá a mú, apá kékeré lábẹ́, apá ńlá lókè. Á máa kà á ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa pe ìlẹ̀kẹ̀ kan wá, á máa sín wọn títí wọn á fi di purotéènì tí ara ń fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀dà á jẹrà dànù. Ìwé gangan ò ní mì kúrò níbi tó wà. Bí a ṣe ń ṣe tiwa náà nìyẹn."

"Tí ráíbósóòmù yẹn bá wá rí i pé wọ́n ṣì í kọ ńkọ́?"

"Ah, kò lè rí i! Òṣìṣẹ́ tí kì í bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè ni. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa kà." Ìbíwùmí wá gbé èjìká sókè díẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí àwa fi wà."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kàwé níwájú Ihò, kò sì ṣì í kà rí. Òní sì ni ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lórí pèpéle òǹkàwé, nítorí pé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọn yóò dé e ní fìlà Olórí Ilé Kóró. Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ ni, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, tí àwọn ará òkè sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja ló kọ́ wọn ní ABD. Ará ibẹ̀ kankan kò dé fìlà yẹn rí.

Ó ń kà á lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Màmá Ọlátẹ́jú, olórí tó fẹ́ gbé ipò sílẹ̀, sì ń fi ọ̀pá ka ìtẹ̀sẹ̀ náà lórí àga. Àṣà ibẹ̀ ni pé òǹkàwé kì í mí àfi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní Kóró-inú-Kóró, lè fi ọdún márùn-ún kọ́ ìmí nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òǹkàwé jáde, gẹ́gẹ́ bí kóró kékeré inú kóró wa ṣe ń ṣe apá ráíbósóòmù méjèèjì jáde, tí wọ́n á gba ihò bọ́ sóde lọ pàdé iṣẹ́.

Nígbà tó ka ìwé náà dé nǹkan bí ìlàjì, ó gbójú sókè. Láti ojú fèrèsé, ó rí wọn. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ ti kó ọkọ̀ wá, ó tó ogójì, wọ́n so wọ́n mọ́ ara wọn títí ojú omi fi di ilẹ̀. Ẹnìkan gbé àwòrán bàbá rẹ̀ sókè lórí àjẹ̀, bàbá tó fi àwọ̀n àti ìpẹja rán an lọ síléèwé. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé àyà rẹ̀ kún. Ó gbé e mì, ó sì ń kà á lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣì.

"U-a-a," ló fi parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ráíbósóòmù pé kó dúró nìyẹn.

Màmá Ọlátẹ́jú fi ọ̀pá gbálẹ̀. "Méjìdínláàádọ́jọ. Ó pé."

Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Wọ́n ti fúláàsì tútù tí ẹ̀dà wà nínú rẹ̀ gba Ihò jáde, awakọ̀ gbà á, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti fò lórí omi kí ariwo tó rọlẹ̀. Erékùṣù Àgbede ló ń lọ, sí Ilé Eegun, ilé ìwòsàn tí Ẹniafẹ́ dùbúlẹ̀ sí. Aago méjì ni dókítà máa fà á sínú eegun rẹ̀.

*

Nínú yàrá ìmúra, Bàbá Ajíbóyè ń dúró dè é. Òun ló ń tọ́jú ohùn ní Ilé Kóró, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì mọ lẹ́tà kan nínú ìwé àbínibí. Ohùn ló mọ̀.

"Ìbí, jókòó. Mo ní ẹ̀bùn kan fún ọ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ẹni tí a ò lè pè lórúkọ mọ́. Gbọ́ bí o ṣe ń ké. Èyí tó o kà kẹ́yìn nìyí."

"Bàbá, ẹ ṣé o! Ẹ̀yin lẹ máa ń pọ́n mi lé jù."

Ó jókòó, ó pa ojú dé, ó sì ń gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ohùn náà dára. Ó ń lọ geerege. Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

"...Gi-gi-ki. A-a-gi. A-a... Gi-u-gi. Ki-u-ki..."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Bàbá, ẹ dá a padà."

"Ó dùn, àbí?"

"Ẹ dá a padà, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún gbọ́ ọ. A-a-gi, lẹ́yìn náà a-a, lẹ́yìn náà ìmí kan, kékeré báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá yí ọkàn padà. A-a-a ló wà lójú ewé. Ó ti fi ayọ̀ gbé lẹ́tà kẹta mì. Ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ nígbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tí iye ọ̀rọ̀ fi pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gbọ́ ẹsẹ̀. Lẹ́tà òjìlénírinwó lé mẹ́rin ló yẹ kó kọ, ó kọ òjìlénírinwó lé mẹ́ta.

Ó ń rí ráíbósóòmù náà lójú inú bó ṣe máa gbá ẹ̀dà mú, tí kò ní bi ẹnikẹ́ni. Yóò ka ìlàjì àkọ́kọ́ dáadáa. Bó bá dé ibẹ̀, yóò yá lẹ́tà kan lára ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà yóò yá lára èkejì rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ yóò sì dàrú láti ibẹ̀ lọ: a-a-gi, u-gi-ki, u-ki-gi. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò yẹ ni yóò máa sín, títí yóò fi pàdé u-gi-a níbi tí kò yẹ kó wà, tí yóò sì dúró gbọnrangandan, tí apá rẹ̀ méjèèjì yóò tú ká. Ohun tí yóò sọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń lé kóró tirẹ̀ jáde kó tó kúrò nínú eegun, kí àyè lè gba afẹ́fẹ́ tó ń gbé. Ohun tí kò bá rí gbà nínú eegun, kò lè rí i gbà lójú ọ̀nà. Dókítà ti sọ ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi oògùn pèsè eegun Ẹniafẹ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ara rẹ̀ lè gbà á. Bí ohun àjèjì bá wọlé, ara yóò bá a jà, ọmọ náà kò sì ní rí òwúrọ̀ ọ̀la.

"Kí ló dé?" Bàbá Ajíbóyè béèrè.

Ó sọ fún un. Bàbá náà wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo obìnrin náà, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ìbí, ṣé o gbọ́ mi? Ẹ̀rọ ló ṣì ọ́ gbọ́. Ká kọ ìwé ẹ̀sùn pé ẹ̀rọ ló ṣe é."

"Tí a bá fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ, ọjọ́ méje ni ìgbìmọ̀ fi ń wádìí. Aago kan ti kọjá báyìí."

"Pe dókítà yẹn ní bòókẹ́lẹ́."

"Kò lè dá mi lóhùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀dà tó bá ti kọjá Ihò, ẹni tó kà á nìkan ló lè dá a dúró, lórí rédíò, lójú gbogbo ènìyàn, kó sì sọ ìdí rẹ̀."

Òfin yẹn le, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tẹ̀ ló bí i. Ní ọdún Ayédèrú, ẹ̀rọ ń yí lẹ́tà padà lábẹ́lẹ̀, àwọn alágbára sì ń fi ìpè kan ṣoṣo dá ẹ̀dà àwọn mẹ̀kúnnù dúró, wọn ò sì ní sọ ìdí. Òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Látìgbà náà ni ìlú ti pinnu pé ẹ̀rọ lè kọ̀wé, kò gbọdọ̀ ka iye, kò sì gbọdọ̀ dájọ́. Wọ́n sì fi kún un pé òǹkàwé tó bá dá ẹ̀dà ara rẹ̀ dúró kò gbọdọ̀ kàwé mọ́ láé, áńbọ̀sìbọ́sí kó jẹ́ olórí.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n," ni Bàbá Ajíbóyè sọ. "Ará Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ ti kún ojú omi. Bóyá ara ọmọ yẹn á gbà á bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Fìlà náà wà lórí tábìlì, funfun, wọ́n fi òwú àwọ̀ omi hun etí rẹ̀. Ìbíwùmí wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé kò dùn ún. Ó dùn ún wọ egungun. Ó ronú kan àwòrán bàbá rẹ̀ lórí àjẹ̀, ó ronú kan Akíngbadé, òǹkàwé kejì, ọmọ àwọn ará òkè, tí yóò dé fìlà yìí dípò rẹ̀, tí àwọn ará òkè yóò sì sọ pé àwọn ṣáà ti mọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó fẹ́ jókòó síbẹ̀ kí aago méjì lù. Lẹ́yìn náà ni inú bí i sí ara rẹ̀. Ta ni òun jẹ́ ná? Ṣé fìlà ni òun ń fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kà ni? Òun Ìbíwùmí ọmọ Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, kí ẹ̀dà tó bàjẹ́ wá ti ẹnu òun jáde, kí òun sì mọ̀, kí òun sì jókòó tì í?

"Bàbá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

*

Láìdé fìlà ló jáde. Àwọn èrò rò pé ayẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n bú sí ìhó, ìyá arúgbó kan láti Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ sì ń kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ó kọjá níwájú Màmá Ọlátẹ́jú, ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì tẹ ẹ̀rọ rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ihò.

"Ilé Eegun Àgbede, ẹ dá ẹ̀dà Ẹniafẹ́ dúró. Èmi Ìbíwùmí tí mo kà á ni mo dá a dúró. Mo mí níbi tí kò yẹ kí n ti mí, lẹ́tà kan sì sọ nù. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Kì í ṣe ẹni tó ka ẹsẹ̀. Èmi ni."

Ìhó kú. Ọkọ̀ ń kan ara wọn lójú omi. Rédíò ń hó ṣìnnìnìn, Ìbíwùmí sì di etí tábìlì mú.

"A gbọ́." Ohùn dókítà ni. "Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì fi kàn án. Títí di aago mẹ́fà ni eegun rẹ̀ lè dúró. Ẹ kà á, ẹ fi ránṣẹ́ kíá."

Ìyá Ẹniafẹ́ ti dìde. Ó rìn wá títí ó fi dé iwájú Ìbíwùmí gan-an.

"Ẹ̀ bá ti pa ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo jókòó síbí, mo ń sunkún ayọ̀, ẹ sì ti fẹ́ pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ẹniafẹ́. Mi ò ní àwáwí kankan."

Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i. Ó padà lọ jókòó.

Akíngbadé ló kà á. Ọkùnrin gíga, onígbéraga, ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kí Ìbíwùmí láàárọ̀. Kó tó gun pèpéle, ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ níbi tó dúró sí lẹ́yìn ògiri, nítorí pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ Ihò mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ló ti ṣẹlẹ̀?"

"Níbi tí a-a-gi àti a-a-a ti tẹ̀ léra. Ìwọ má wo fèrèsé."

"Mi ò ní wò ó, mà."

Kò sì wò ó. Ó kà á bí ẹni tó ru omi kún orí, ó la gbogbo lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìmí rẹ̀ sì bọ́ síbi tó yẹ. Lẹ́yìn ògiri, ẹsẹ̀ Ìbíwùmí ń bá a tẹ ilẹ̀, ó sì ń yangàn lórí ọkùnrin náà bí ẹni pé òun ló bí i, nítorí pé Ilé Kóró ló kọ́ ọ, Ilé Kóró ló sì kọ́ òun náà. Ọkọ̀ kejì gbéra ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní wákàtí tí wọn ì bá ti máa dé e ní fìlà. Kò sí ará Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ kan tó lọ sílé. Wọ́n tú ọkọ̀ wọn kúrò lára ara wọn kí ọ̀nà lè là fún un.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni rédíò tó dún.

"Ó ti wọlé. Àwọn ráíbósóòmù ti gbá a mú, purotéènì ti ń jáde, a sì yẹ̀ ẹ́ wò: bó ṣe yẹ kó rí ló rí. Ara rẹ̀ ò bá a jà. Ẹniafẹ́ ti béèrè omi."

Ìyá Ẹniafẹ́ wólẹ̀, ó dìde, ó tún wólẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ẹkún àti èyí tó jẹ́ ẹ̀rín.

Ó ku iṣẹ́ kan. Màmá Ọlátẹ́jú ní kí wọ́n gbé ìwé Àṣìkà wá, ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí òǹkàwé bá ṣì kà sí, ìwé aláwọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọn kì í ṣí, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé kò fojú kàn rí. Láti àádọ́rùn-ún ọdún, ìlà mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Màmá kọ ìkarùn-ún: ọjọ́, orúkọ òǹkàwé, lẹ́tà tó sọ nù. Lẹ́yìn náà, ó yí ìwé náà sí Ìbíwùmí, ó sì nawọ́ kálàmù sí i.

"Ibi tó kù yẹn kì í ṣe èmi ni mo máa kọ ọ́. Ẹni tó bá rí àṣìkà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹni tí òun jẹ́ síbẹ̀. Ka àwọn tó ṣáájú."

Ìbíwùmí tẹjú mọ́ ọn. Lábẹ́ "Ẹni tó rí i", ìlà àkọ́kọ́ sọ pé: dókítà, lẹ́yìn ikú. Ìkejì: dókítà, lẹ́yìn ikú. Ìkẹta: àwọn tó fọ òkú. Ìkẹrin: ìyá olóògbé.

"Màmá," ló wí.

"Kọ ọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo ti ń ṣọ́ ìwé yìí fún ogójì ọdún, n kò rò pé ojú mi á rí irú ìlà yìí."

Ìyá Ẹniafẹ́ ti sún mọ́ wọn, ó na ọrùn láti wo ohun tó fẹ́ kọ. Ìbíwùmí gba kálàmù. Àyè orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ nìkan kọ́ ló kọ. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, ó gba etí ìwé kọjá: Ìbíwùmí, ọmọ apẹja, ará Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, òǹkàwé Ilé Kóró.